Ta Lẹ Ń Halẹ̀ Mọ́? Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Lórí Wákàtí Àkọ́kọ́ Ìdíje Póká

Àwọn tó pè mí ti kìlọ̀ fún mi pé kí n má wàásù, kí n má sì kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní tẹ́tẹ́. Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ nípa ìrònú: báwo ni ẹni tí káàdì ọwọ́ rẹ̀ kò dára ṣe ń mọ̀ pé àsìkò tó láti ṣe bí ẹni tí tirẹ̀ dára, kí ló sì dé tí irú àsìkò bẹ́ẹ̀ fi ṣọ̀wọ́n ní wákàtí àkọ́kọ́ ìdíje. Ohun tí àwọn eléré póká ń pè ní bluff náà ni mò ń pè ní ìhàlẹ̀ lálẹ́ òní.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí a wà. Atlanta ni, ní ìpínlẹ̀ Georgia. Ìpínlẹ̀ yìí kò ní ilé tẹ́tẹ́ kankan tí òfin gbà láàyè láti tẹ́ tábìlì póká olówó. Ẹni tó bá fi owó ta káàdì nínú gáréèjì rẹ̀ ní Lithonia tàbí ní Lawrenceville ti rú òfin, bó tilẹ̀ jẹ́ ogún dọ́là. Ìpínlẹ̀ kan náà yìí ló bẹ̀rẹ̀ lọ́tìrì ní 1993, tó sì ń fi èrè rẹ̀ san owó ilé-ẹ̀kọ́ gíga fún àwọn ọmọ tó mọ̀wé nípasẹ̀ ètò HOPE. Àwọn òbí nínú gbọ̀ngàn yìí ti jẹ nínú owó náà, mi ò sì tíì gbọ́ pé ẹnì kan dá a padà.

Nítorí òfin yìí, ọ̀nà méjì ni ará Atlanta ń gbà ta póká ní gbangba. Èkíní ni líìgì ọ̀fẹ́ inú ilé ọtí àti ilé oúnjẹ, níbi tí ẹ kò ti ní san kọ́bọ̀ láti wọlé, tó jẹ́ pé máàkì lẹ ó máa kó jọ. Èkejì ni kí ẹ wakọ̀ bíi wákàtí mẹ́ta gba apá àríwá lọ sí Cherokee ní North Carolina. Ibẹ̀ ni Harrah's ti ṣí ilé tẹ́tẹ́ ní 1997 lórí ilẹ̀ ẹ̀yà Eastern Band of Cherokee Indians, ibẹ̀ sì ni àwọn olùṣètò World Series of Poker, ìdíje póká ńlá ti Las Vegas, máa ń gbé ìdíje alárìnkiri wọn tí wọ́n ń pè ní Circuit dé.

Atlanta tí kò ní tábìlì yìí ni wọ́n bí Chris Moneymaker sí ní 1975, kó tó di pé ó dàgbà ní Tennessee. Oníṣirò owó ni tẹ́lẹ̀. Ó gba inú ìdíje kékeré kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì wọ ìdíje àgbà ti World Series of Poker ní Las Vegas ní 2003, ó sì gba $2.5 mílíọ̀nù. Ènìyàn 839 ló wọ ìdíje náà lọ́dún yẹn. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n di 2,576, Josh Arieh tó fi agbègbè Atlanta ṣe ilé sì ṣe ipò kẹta. Ní July 2023, Daniel Weinman, ará Atlanta, gba ipò kìíní láàárín ènìyàn 10,043. $12.1 mílíọ̀nù ni wọ́n kà fún un, owó tó tóbi jù lọ tí ẹnikẹ́ni tíì gbà ní ìdíje àgbà náà títí di ọjọ́ yẹn. Atlanta níbí náà ni ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn póká tí wọ́n ń pè ní Bluff, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2004, wà nígbà tó ṣì ń jáde. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ àlejò ni mo gbé wá.

Fún ẹ̀yin tí ẹ kò ta á rí, irú èyí tí wọ́n ń pè ní Texas Hold'em ni mò ń sọ. Ẹnì kọ̀ọ̀kan gba káàdì méjì tí òun nìkan rí. Lẹ́yìn náà, wọ́n á ṣí káàdì márùn-ún sí àárín tábìlì, tí gbogbo ènìyàn jọ ni: mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, lẹ́yìn rẹ̀ ìkẹrin, lẹ́yìn rẹ̀ ìkarùn-ún. Kí wọ́n tó ṣí ohunkóhun, àti lẹ́yìn tí wọ́n bá ṣí wọn nígbà kọ̀ọ̀kan, ó máa ń kan ènìyàn láti sọ̀rọ̀. Ẹ lè da káàdì yín nù, ẹ lè san iye tí ẹni iwájú fi sílẹ̀, ẹ lè fi kún un. Ẹni méjì gbọ́dọ̀ ti fi owó ọ̀ranyàn sílẹ̀ kí wọ́n tó pín káàdì rárá, ọ̀kan kékeré, ọ̀kan ńlá, kó má baà di pé gbogbo ènìyàn jókòó tí wọ́n ń retí káàdì dáadáa títí ilẹ̀ fi mọ́. Bí gbogbo àwọn yòókù bá da káàdì nù, ẹni tó kù ló ni owó àárín, kò sì sẹ́ni tó lè ní kó ṣí ọwọ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni ìhàlẹ̀ ti ríbi wọlé.

Ìdíje tún ní tirẹ̀. Ẹ san owó ìwọlé, wọ́n fún yín ní ṣíìpù. Ṣíìpù yìí kì í ṣe owó, ẹ kò lè gbé e lọ síbi ìsanwó pé kí wọ́n fún yín ní dọ́là. Bó bá tán, ẹ ti jáde nìyẹn. Owó ọ̀ranyàn a sì máa ga sí i bí aago ṣe ń lọ. Ní ìdíje àgbà Las Vegas, $10,000 ni owó ìwọlé, ṣíìpù 60,000 ni wọ́n ń gbé fún ènìyàn, ìpele kọ̀ọ̀kan sì ń gba wákàtí méjì. Ẹ jẹ́ ká ní, ní ìpele kìíní, owó ọ̀ranyàn 100 àti 200 nìkan ló wà nílẹ̀. Ẹ fi iye yìí sọ́kàn, 300 nínú 60,000, nítorí a ó padà dé orí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gba orí ìhàlẹ̀ Moneymaker kọjá, torí òun gan-an ló ti ba ọ̀pọ̀ eléré jẹ́. Ó ku òun àti Sam Farha nìkan ní 2003, Farha tó jẹ́ ọmọ Lebanon tó ti ń fi káàdì jẹun tipẹ́. Káàdì mẹ́rin ti ṣí: 9 sípéèdì, 2 dáyámọ́ńdì, 6 sípéèdì, 8 sípéèdì. Moneymaker di ọba sípéèdì àti 7 háàtì mú. Bí sípéèdì kan bá tún bọ́ sílẹ̀, tàbí 5, tàbí 10, ọwọ́ rẹ̀ le nìyẹn. Farha ní 9 kan lọ́wọ́ tó bá ti àárín mu, òun ló sì ń borí. Káàdì karùn-ún ṣí, 3 háàtì ni, kò wúlò fún Moneymaker rárá. Ó kó gbogbo ṣíìpù rẹ̀ sílẹ̀. Farha ronú títí, ó tilẹ̀ fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ó jọ pé sípéèdì ni ọkùnrin yìí ń wá tí kò rí. Lẹ́yìn náà, ó da ọwọ́ tó ń borí nù.

Láti ìgbà tí iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ESPN ti fi í hàn ni àwọn èwe ti ń wò ó, wọ́n sì gbà pé ìgboyà ni wọ́n rí. Èmi rí àsìkò. Ṣíìpù 8,390,000 ló wà nínú ìdíje náà, ẹni méjì péré ló sì pín gbogbo rẹ̀ mọ́wọ́. Ohun tó wà láàárín tábìlì tó ohun tí ènìyàn ń tìtorí rẹ̀ ṣe wàhálà. Ẹnì kan ṣoṣo ló kù tí yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ẹni ọ̀hún sì jẹ́ ọ̀gá tó mọ bí wọ́n ṣe ń da ọwọ́ tó dára nù. Ẹ gbé ìhàlẹ̀ kan náà lọ sí wákàtí àkọ́kọ́ ní Cherokee, ẹ ó rí i pé ẹ kó gbogbo ohun tí ẹ ní lé owó tíńtín, níwájú ẹni tí kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó yẹ kóun sá.

Ohun tí mo wá sọ kò ju èyí lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìdíje, ẹ má tíì wo káàdì ọwọ́ yín kí ẹ tó halẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wo etí ẹni tí ẹ fẹ́ halẹ̀ mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó sídìí ọpọ́n ayò mọ̀ pé ìhàlẹ̀ kò rí iṣẹ́ ṣe níbẹ̀. Ihò 12, ọmọ ayò 48, gbangba ni gbogbo rẹ̀ wà. Ìṣirò ni ọ̀ta fi ń pa ọ̀pẹ. Gbogbo yẹ̀yẹ́ tó ń fi ọ̀pẹ ṣe kò fi ọmọ kan ṣoṣo kún ihò rẹ̀. Ní póká, ohun tó ṣe pàtàkì jù ló fara pamọ́. Ohun tí alátakò yín ń rí kò ju bí ẹ ṣe ń fi ṣíìpù sílẹ̀ lọ: iye rẹ̀, ìgbà tí ẹ fi í sílẹ̀, àti bóyá ó bá ohun tí ẹ ṣe ṣáájú mu. Ìtàn lẹ ń fi ṣíìpù sọ. Bí kò bá sẹ́ni tó ń gbọ́, òfo ni.

Ẹ padà wo 300 wa. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ fẹ́ràn láti jí owó ọ̀ranyàn láti ìṣẹ́jú àkọ́kọ́. Wọ́n á fi 500 sílẹ̀ pẹ̀lú káàdì tí kò dára, kí gbogbo ènìyàn lè sá. Kí ìyẹn tó pa owó rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ ju ìgbà 62 lọ nínú ìgbà 100. Bó bá sì ṣiṣẹ́ ńkọ́? Ẹ ti fi ìdajì ìdá kan nínú 100 kún ohun tí ẹ ní. Ẹ wá fi wé ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta, nígbà tí àpapọ̀ owó tó wà nílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀ bá jẹ́ 5,000, tí ẹ sì ní 40,000 lọ́wọ́. Ẹni tó bá jí ìyẹn lẹ́ẹ̀kan ti fi ìdá 12 àbọ̀ nínú 100 kún tirẹ̀. Iṣẹ́ kan náà ni, àmọ́ èrè àkọ́kọ́ kò tó ohun tí ènìyàn ń ṣí ojú ara rẹ̀ sílẹ̀ fún. Èmi kì í bá ẹni tó ń jí 300 jà. Mo kàn máa ń kọ ọ́ sọ́kàn pé ọwọ́ rẹ̀ kò balẹ̀.

Ta wá ni olùgbọ́ ní wákàtí àkọ́kọ́? Ẹni tó pọ̀ jù ni ẹni tó wá gbádùn ara rẹ̀. Ní líìgì ọ̀fẹ́ inú ilé ọtí, ẹni tí kò san kọ́bọ̀ wọlé kò ní ohun tó ń bà á lẹ́rù. Ó fẹ́ rí káàdì ni. Bó bá ní 4 méjì, á san. Bó bá ní éèsì kan pẹ̀lú nǹkan yẹpẹrẹ, á san. Kì í ṣe pé ó gbọ́n jù yín lọ tó fi mú yín, kò fetí sílẹ̀ ni. Ẹ ti rí ọ̀dọ́kùnrin tó ka ìwé póká bíi mélòó kan, tó wá ń jágbe mọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé báwo ló ṣe lè san owó yẹn. Ọ̀dọ́kùnrin náà ló yẹ ká bi léèrè. Kí ló wá dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kì í sá tó fi ń halẹ̀ mọ́ ọn?

Ẹni tó le jù ni ẹni tó lè tún wọlé. Ọ̀pọ̀ ìdíje òde òní, títí kan púpọ̀ nínú ti Circuit, gbà kí ẹni tó bá jáde tún san owó ìwọlé kí ìforúkọsílẹ̀ tó parí. Ẹni tó ti múra àtisan án ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta kò ka ṣíìpù àkọ́kọ́ sí. Ó fẹ́ kó púpọ̀ jọ kíákíá, bí kò bá sì ṣeé ṣe, kó jáde kó tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ halẹ̀ mọ́ irú rẹ̀, á bi yín pé èló ló kù lọ́wọ́ yín, á sì kó tirẹ̀ lé e. Ẹ̀yin tí ẹ wakọ̀ láti Stone Mountain, tí owó ìwọlé kan ṣoṣo wà lápò yín, ẹ kò bá a dọ́gba níbi tí ẹ jókòó sí yẹn. Ṣíìpù yín jọ tirẹ̀ lójú ni, wọn kò wúwo bákan náà. Púpọ̀ nínú ìmọ̀ràn àtijọ́ nípa ìhàlẹ̀ kò ka irú ènìyàn yìí sí, torí nígbà tí wọ́n ń gbani nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá jáde nínú ìdíje ńlá ti lọ sílé nìyẹn. Ìdíje àgbà Las Vegas ṣì wà bẹ́ẹ̀ títí dòní, ìdí sì nìyẹn tí ìpele kìíní rẹ̀ kò fi jọ ìpele kìíní ìdíje kékeré.

Níbi ìdíje àgbà yẹn lẹ ti máa ń pàdé ẹni tí ẹ̀rù ń bà. Ó ti fi oṣù púpọ̀ kó owó ìwọlé jọ, tàbí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló dá a fún un. Kò fẹ́ padà dé Atlanta kó sọ fún wọn pé ìṣẹ́jú ogójì lòun lò. Òun ni ìhàlẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lára rẹ̀, àní ní ìpele kìíní. Báwo lẹ ó ṣe dá a mọ̀? Ẹ wò ó nígbà tí ẹ kò sí nínú eré. Ìgbà tí ẹ bá ti da káàdì yín nù ni iṣẹ́ yín ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ta ló san títí dé káàdì karùn-ún pẹ̀lú ọwọ́ kékeré? Ta ló da nǹkan nù tó sì mí kanlẹ̀? Ta ló ń ṣí ọwọ́ rẹ̀ han aládùúgbò kí wọ́n lè mọ̀ pé òun gbọ́n láti sá? Ẹni ìkẹyìn yìí, ẹ fi orúkọ rẹ̀ pamọ́, ìwọ̀nba wákàtí ló kù tí ẹ ó fi rí i lò. Ó dùn mí pé fóònù ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa ń wò ní gbogbo àkókò yẹn.

Iye olùgbọ́ náà ní ìṣirò tirẹ̀. Ẹni tó di káàdì méjì tí kò jọra mú, ní bíi ẹ̀ẹ̀mejì nínú ẹ̀ẹ̀mẹta, káàdì mẹ́ta àkọ́kọ́ kì í bá tirẹ̀ mu. Èyí ló mú kí ìhàlẹ̀ mọ́ ẹnì kan ṣoṣo bọ́gbọ́n mu. Bí ẹ bá fi iye tó jẹ́ ìdajì owó àárín halẹ̀, kó ṣiṣẹ́ ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́ta ti tó kí ẹ má pàdánù. Bí ẹ bá fi iye tó dọ́gba pẹ̀lú owó àárín halẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan nínú méjì ni. Ṣùgbọ́n ní wákàtí àkọ́kọ́, owó ọ̀ranyàn kéré, gbogbo ènìyàn fẹ́ yọjú wo káàdì, ẹ sì lè bá ẹni mẹ́rin níwájú yín. Àǹfààní pé kò sí ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí nǹkan bọ́ sí lọ́wọ́ kò ju bíi ẹ̀ẹ̀kan nínú márùn-ún lọ. Mo sì tún ń rí àwọn tó ń halẹ̀ mọ́ agbo bẹ́ẹ̀, kìkì nítorí pé àwọn ló kọ́kọ́ gbé owó sókè, tí ojú wá ń tì wọ́n láti dákẹ́.

Ẹ jẹ́ ká jọ ta ọwọ́ kan. Ìpele kìíní, 100 àti 200. Ẹ jókòó sórí àga tó ń sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, tó túmọ̀ sí pé ẹ ó máa rí ohun tí ẹnì kejì ṣe kí ẹ tó ṣe tiyín. Mi ò mọ ohun tó dára tó ìyẹn fún ẹni tó fẹ́ halẹ̀. 8 sípéèdì àti 7 sípéèdì lẹ dì mú. Gbogbo ènìyàn sá títí ó fi kàn yín, ẹ fi 500 sílẹ̀, ẹni tó fi owó ọ̀ranyàn ńlá sílẹ̀ nìkan ló san. Owó àárín di 1,100. Káàdì mẹ́ta ṣí: ọba háàtì, 6 sípéèdì, 2 sípéèdì. Ẹnì kejì kò fi nǹkan sílẹ̀. Òtítọ́ ni pé ẹ kò ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n sípéèdì mẹ́rin lẹ ní, mẹ́sàn-án ló kù láàárín káàdì 47 tí ẹ kò tíì rí, àǹfààní pé ọ̀kan á bọ́ sílẹ̀ kí gbogbo rẹ̀ tó ṣí tán sì tó ìdá 35 nínú 100. Ẹ fi 500 sílẹ̀. Bó bá sá ní ìgbà 31 péré nínú 100, ẹ ti gba owó yín, ká má tíì ka sípéèdì. Ìtàn yín náà dúró, torí ẹni tó gbé owó sókè tẹ́lẹ̀ lè ní ọba lóòótọ́. Mo fọwọ́ sí ìhàlẹ̀ yìí, àní níwájú ẹni tí kò létí, nítorí bí kò bá gbọ́, káàdì ṣì lè gbà yín.

Ó san. 2,100 ló wà láàárín. Káàdì kẹrin jẹ́ 9 dáyámọ́ńdì. Ní báyìí, 10 tàbí 5 náà á fún yín ní márùn-ún tó tẹ̀ léra. Káàdì 15 nínú 46 ló lè gbà yín. Ẹ fi 1,400 sílẹ̀. Mo tún fọwọ́ sí i. Ó tún san, owó àárín di 4,900. Káàdì karùn-ún jẹ́ 2 kílọ́ọ̀bù. Òfo.

Ẹ ti ná 2,400, ìdá mẹ́rin nínú 100 ohun tí ẹ mú wọlé. 57,600 ṣì wà níwájú yín. Ẹ lè fi 3,500 halẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, yóò sì nílò kó ṣiṣẹ́ ní bíi ìgbà 42 nínú 100. Káàdì kò lè gbà yín mọ́, olùgbọ́ nìkan ló kù. Bó bá jẹ́ ẹni tó wá gbádùn ni, tó ní ọba pẹ̀lú 4, kò ní dà á nù láéláé. Ẹ jẹ́ kó gbé owó rẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹlẹ́rù, tó ti fi 6 kan tàbí ọba tí èkejì rẹ̀ kò lágbára rọ́jú san lẹ́ẹ̀mejì, 3,500 lè lé e lọ. Ẹni tí ẹ kò mọ̀ rárá ńkọ́, tí ẹ kò tíì rí i kó ṣí ọwọ́ kan? Ìdájọ́ tèmi ni pé kí ẹ dákẹ́. 2,400 ni ẹ fi ra ìmọ̀ nípa ẹni tí ẹ ṣì lè bá jókòó fún ìgbà díẹ̀ sí i.

Mo mọ̀ pé àwọn kan níhìn-ín á takò mí, wọ́n sì ní ẹ̀rí. Wọ́n á ní ìbẹ̀rẹ̀ ìdíje gan-an ni ṣíìpù pọ̀ jù lẹ́yìn owó àárín. Ẹni tó san 500 mọ̀ pé 1,400 ń bọ̀, 3,500 ń bọ̀, bóyá gbogbo 60,000 ń bọ̀. Ẹ̀rù ohun tó ń bọ̀ yìí kì í sí mọ́ nígbà tí ìdíje bá ti jinlẹ̀, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ìwọ̀nba tó tó owó ọ̀ranyàn ńlá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ìdí nìyí tí àwọn ọ̀gá fi ń halẹ̀ mọ́ ara wọn gidigidi ní ìpele kìíní. Àmọ́ ẹni tó ń ro ohun tó ń bọ̀ nìkan ni ohun tó ń bọ̀ lè dẹ́rù bà. Ẹni tó ń wo káàdì méjì ọwọ́ rẹ̀ nìkan, 500 ló rí, 500 ló sì san.

Àwọn mìíràn á gba ọ̀nà kejì, wọ́n á ní kí ẹ má tilẹ̀ halẹ̀ rárá, torí ṣíìpù tí ẹ pàdánù wúwo ju èyí tí ẹ jèrè lọ. Ẹni tó ní ìlọ́po méjì ṣíìpù kò ní ìlọ́po méjì owó tí yóò gbà nígbẹ̀yìn, ìyẹn dájú. Ṣùgbọ́n ní ìpele kìíní, ìyàtọ̀ yẹn kéré púpọ̀. Ìgbà tó bá kù díẹ̀ kí owó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ló ń tóbi. Nítorí náà, ẹ̀rù pé ẹ ó jáde kọ́ ni mo ní kí ẹ fi ṣọ́ra. Ohun tí ẹ ń lé ni kò tó nǹkan, àwọn tí ẹ ń lé e níwájú wọn kò sì tíì yé yín. Ẹ má sì dá àwọn tó ní kí ẹ jẹ́ kí wọ́n mú yín níbi ìhàlẹ̀ ní àárọ̀, kí wọ́n lè máa san fún yín nírọ̀lẹ́, lóhùn. Níbi ìdíje tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọ̀, wọ́n ń tú tábìlì ká bí ènìyàn ṣe ń jáde. Ẹni tó rí yín láàárọ̀ ti lè wà ní òdìkejì gbọ̀ngàn lọ́sàn-án.

Ọ̀rọ̀ kan kù lórí irú ọwọ́ tó yẹ. John von Neumann, onímọ̀ ìṣirò ọmọ Hungary, ti ṣe é kí ọ̀pọ̀ wa tó dáyé. Nínú ìwé tí òun àti Oskar Morgenstern tẹ̀ jáde ní 1944, ó lo irú póká kékeré kan láti fi hàn pé ìhàlẹ̀ kì í ṣe àbùkù ìwà, ara ìṣirò eré náà ni. Ẹni tí kì í halẹ̀ láé, wọn kì í san fún un nígbà tó bá ní. Ohun tí àwọn ènìyàn kì í rántí nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni pé ọwọ́ tó dára jù àti ọwọ́ tó burú jù ló ní kó fi owó sílẹ̀; ọwọ́ àárín ni kó dákẹ́, kó sì dúró de ìṣísílẹ̀. Ẹ lọ sí ilé ọtí èyíkéyìí ní Decatur lálẹ́ tí líìgì bá wà, òdìkejì rẹ̀ lẹ ó rí. Ẹni tó ní 6 méjì, tí ọwọ́ rẹ̀ ì bá borí bó bá dákẹ́, ni yóò kó gbogbo ṣíìpù sílẹ̀, tí yóò lé gbogbo ọwọ́ tó kéré sí tirẹ̀ lọ, tí ẹni tó ju òun lọ nìkan á sì san.

Kọ̀ǹpútà náà ń halẹ̀. Ní 2019, Noam Brown àti Tuomas Sandholm gbé ètò kan tí wọ́n pè ní Pluribus jáde, tó borí àwọn ọ̀gá níbi tábìlì ẹlẹ́ni mẹ́fà. Kò ní ojú tí ènìyàn lè wò, kì í sì í bínú. Àwọn ọ̀dọ́ ń kọ́ ìhàlẹ̀ lára irú ètò bẹ́ẹ̀ báyìí, ó sì dára. Kí wọ́n kàn rántí pé ọ̀gá ni Pluribus bá ta á.

Ìyá kan bi mí kí n tó gun orí pèpéle pé ṣé kì í ṣe irọ́ ni mo fẹ́ kọ́ ọmọ wọn. Èsì mi ni pé irọ́ ni kí ẹ tan ẹni tó gbà pé òótọ́ lẹ ó sọ. Ní tábìlì póká, gbogbo ẹni tó jókòó ló ti mọ̀ pé wọ́n lè halẹ̀ mọ́ òun, òun náà sì wá halẹ̀. Ìrẹ́jẹ wà níbẹ̀ o, ibòmíràn ló wà. Bí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò bá bá ara wọn ní tábìlì kan ní Cherokee, tí àbúrò wá ń dá ẹ̀gbọ́n sí nítorí ọ̀wọ̀, òfin ìdíje ka ìyẹn sí ìrẹ́jẹ, wọ́n sì lè fìyà jẹ àwọn méjèèjì. Mo mọ̀ pé ó ṣòro fún ọmọ Yorùbá láti halẹ̀ mọ́ ẹni tó jù ú lọ. Ẹ dọ̀bálẹ̀ fún un kí ẹ tó jókòó, kí ẹ tún kí i tí ẹ bá dìde, àmọ́ láàárín méjèèjì, alátakò ni. Ẹ kò sì gbọdọ̀ fi Yorùbá bá a sọ̀rọ̀ nígbà tí eré bá ń lọ lọ́wọ́, torí Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ọ̀pọ̀ ilé póká Amẹ́ríkà gbà láàyè níbẹ̀.

Gbohùngbohùn wà lọ́wọ́ akọ̀wé. Kí àwọn tó fẹ́ takò mí lórí 3,500 yẹn kọ́kọ́ bọ́ síwájú.